Agbọ̀n Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ọtí: Ohun Tí Mo Fi Kámẹ́rà Rí Ní Ìlú Ọba

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo kó àwọn fọ́tò kan kalẹ̀ lórí tábìlì, èyí tí mo yà nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ó ti rí. Ẹ rò pé ẹ ó rí Ààfin Ọba, tàbí afárá orí odò Thames, tàbí èmi fúnra mi nínú kóòtù òtútù. Ìgbà tí ẹ ṣí i wò, òdòdó ni. Ẹ ṣí èkejì, òdòdó ni. Òdòdó nínú agbọ̀n tí wọ́n fi ṣéènì gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, sí ara òpó iná, sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ìyá wa kan tí ń ta aṣọ, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kí èmi tó dé, gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Akọ̀wé wa, èló ni òdòdó yìí ń pa wọlé fún wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo yí ọ̀rọ̀ náà dà, a sì kọjá sórí ìròyìn owó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè oníṣòwò gidi ni, ìbéèrè oníṣòwò kò sì yẹ ní ohun tí à ń fi ẹ̀rín dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Peckham ni àbúrò mi ń gbé, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò ní ṣàárò ilé púpọ̀: Yorùbá ń dún lójú títì, iṣu wà, gàrí wà, ata rodo wà. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo dé. Ní ọjọ́ kẹta, bí ó ti ń mú mi lọ sí ibùdókọ̀, omi tútù kan já lé mi lórí, ó sì gba ọrùn ẹ̀wù mi wọlé. Mo rò pé òjò ni. Mo gbójú sókè, mo rí agbọ̀n ńlá kan tó rọ̀ dirodiro ní ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan, tó kún fún òdòdó pupa, funfun àti aláwọ̀ àlùkò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín tán ni. Àbúrò mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí oṣù keje dé ná."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí oṣù keje fi dé, kò sí ìlú tí a dé tí n kò rí i. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú kékeré kan, wọ́n wà ní ibùdókọ̀. Bí a bá dé abúlé tí kò ní ju ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ilé ọtí kan lọ, wọ́n wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Fóònù mi ni mo fi ya púpọ̀ nínú wọn, kámẹ́rà tí ọkọ àbúrò mi yá mi ni mo fi ya ìyókù.

Kí ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ nípa ilé ọtí yìí. Pọ́ọ̀bù ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀mùtí nìkan ń jókòó. Ní abúlé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, ibẹ̀ ni ìdílé ti ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú. Ẹ sáà fi wé abẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò ní abúlé tiwa.

Gbígbé ewé síta láti fi pe oníbàárà kì í ṣe nǹkan àná níbẹ̀. Láyé àtijọ́, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ ìwé kà, ẹni tó bá ti pọn ọtí yóò na ọ̀pá síta, yóò so ewé mọ́ ọn, kí èrò ọ̀nà lè mọ̀ pé ọtí ti délẹ̀. Ní ọdún 1393, nígbà Ọba Richard Kejì, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń ta ọtí gbọ́dọ̀ gbé àmì síta. Láti ibẹ̀ ni àwọn orúkọ bíi Kìnnìún Pupa àti Adé Ọba ti gbilẹ̀, tí ẹ ó rí tí wọ́n yà sórí pákó lẹ́nu ọ̀nà. Agbọ̀n òdòdó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà: pákó ń sọ orúkọ, òdòdó ń sọ pé onílé wà nílé.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ AGBỌ̀N

Ní abúlé kan, mo bá bàbá àgbàlagbà kan lórí àkàbà, ó ń já òdòdó tó ti rọ kúrò lára agbọ̀n rẹ̀. Mo kí i, mo bi í bóyá mo lè yà á. Ó gbà. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.

Wáyà ni wọ́n fi ń ṣe agbọ̀n náà. Wọn yóò tẹ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú ewéko rírọ̀ tí ń hù ní àbàtà, tàbí pẹ̀lú háhá àgbọn, àní háhá tí àwa ń dà nù lẹ́yìn tí a bá ti jẹ àgbọn tán. Wọn yóò da ilẹ̀dú sí i. Èyí tí ń dàgbà sókè ni wọ́n ń gbìn sí àárín, bíi geranium. Èyí tí ń fà wálẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sí etí, bíi petunia àti lobelia, kí ó lè bo wáyà. Wọn kì í gbé e síta títí ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí ìrì kò ní di yìnyín mọ́ lóru, nítorí òru kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti pa gbogbo rẹ̀.

Nǹkan kan yà mí lẹ́nu. Mo rò pé òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń yà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Geranium inú agbọ̀n náà, ìhà gúúsù Áfíríkà ni ó ti wá. Lobelia aláwọ̀ aró yẹn, ibẹ̀ náà ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Busy Lizzie, ìlà oòrùn Áfíríkà ni. Petunia wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Àlejò ni gbogbo wọn, bí èmi náà ti jẹ́ àlejò, òtútù ibẹ̀ sì ni ọ̀tá àwa méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni omi. Ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ bomi rin agbọ̀n. Bí ooru bá mú, ẹ̀ẹ̀méjì lójúmọ́. Bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí ewé ti bo orí agbọ̀n bí agboòrùn, òjò yóò ṣàn lọ sílẹ̀, erùpẹ̀ inú yóò gbẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń po ajílẹ̀ mọ́ omi náà, irú èyí tí wọ́n ń lò fún tòmátì. Bàbá yìí sì ní a gbọ́dọ̀ máa já òdòdó tó ti rọ dànù, nítorí bí a bá jẹ́ kí ó so èso, igi náà yóò rò pé iṣẹ́ òun ti parí, kò ní tanná mọ́.

Mo bi í pé bí ó bá rìnrìn àjò ńkọ́? Ó ní aládùúgbò ni ó ń bomi rin ín. Ó ní ọjọ́ méjì láìsí omi nínú ooru, ó tán.

BÍ A ṢE Ń YÀ Á

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: àwọn fọ́tò mi àkọ́kọ́ kò dára. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní fóònù tó dára ju tèmi lọ, ẹ sì ń fi ya ọjà yín ránṣẹ́ sí oníbàárà, nítorí náà ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe.

Àṣìṣe kìíní: mo dúró sábẹ́ agbọ̀n, mo gbé fóònù sókè. Ojú ọ̀run funfun gbálaú, agbọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tó yẹ ni kí n sọdá sí òdìkejì títì, kí n sì fi kámẹ́rà fa agbọ̀n náà mọ́ra láti ọ̀ọ́kán. Nígbà náà ni ògiri yóò wà lẹ́yìn òdòdó dípò ojú ọ̀run, omi kò sì ní kán sí yín lọ́rùn.

Àṣìṣe kejì: ọ̀sán gangan ni mo ń yà á. Oòrùn ọ̀sán a máa fọ àwọ̀ òdòdó funfun dànù, a sì máa sọ pupa di ẹyọ̀ kan ṣoṣo tí a kò rí ojú ewé rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó dára ni àárọ̀ kùtù, tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn. Bí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ìka kan òdòdó náà lójú fóònù, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀ tún dára nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń bomi rin ín, ìṣẹ́lẹ̀ omi yóò sì wà lórí ewé.

Àṣìṣe kẹta: afẹ́fẹ́. Agbọ̀n tó rọ̀ lórí ṣéènì kì í dúró jẹ́ẹ́. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ yára sẹ́jú, ó kéré tán ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rí bí àwòrán inú omi.

Àṣìṣe kẹrin ni ó burú jù: òdòdó nìkan ni mò ń yà. Ọ̀gbọ̀n fọ́tò òdòdó tó súnmọ́ ojú, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí a ti yà wọ́n. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀kùn, pákó orúkọ, àga ìta àti ẹni tó ń kọjá kún un ni fọ́tò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ní ti àṣẹ, ẹni tó bá dúró lójú títì gbogbo ayé lè ya ojú ilé àti òdòdó rẹ̀ níbẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti wọ inú ọgbà tàbí inú ilé, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Èmi a tilẹ̀ máa kí onílé bí mo bá rí i níta, nítorí ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ìkíni sì ti fún mi ní ìtàn tí fọ́tò kò lè fún mi.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó pọ̀ jù, kí ó lọ wo Churchill Arms ní Kensington Church Street, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1750 ni pọ́ọ̀bù náà ti wà. Òdòdó bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè débi pé ojú fèrèsé ló kù tí a fi mọ̀ pé ilé ni. Nígbà Kérésìmesì, igi Kérésì kéékèèké pẹ̀lú iná ni wọ́n ń tò sí ara rẹ̀. Mo dúró ní òdìkejì títì ju wákàtí kan lọ, nítorí bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú ni bọ́ọ̀sì pupa yóò kọjá. Mo ka àwọn tó dúró yà á ní ìdajì wákàtí: mẹ́tàdínlógún. Mẹ́fà nínú wọn wọlé lọ ra nǹkan. Ìyá wa aláṣọ, ìṣirò yẹn wà fún yín.

ÌLÚ Ń BÁ ÌLÚ DÍJE

Ẹ ó béèrè pé ta ló ń gbé ti òpó iná kọ́? Ìgbìmọ̀ ìlú ni, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni, àwọn ará àdúgbò ni. Ìdíje kan wà tó ń gún wọn ní kẹ́ṣẹ́, Britain in Bloom ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn tó ń rí sí ìrìn àjò afẹ́ ló gbé e kalẹ̀, lẹ́yìn tí Roy Hay, oníròyìn nípa ọ̀gbìn, ti rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Láti ọdún 2002, Royal Horticultural Society ló ń bójú tó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni àwọn onídàájọ́ ń rìn kiri. Òdòdó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò o. Wọ́n ń wo ìmọ́tótó ìlú, wọ́n sì ń wo iye ará ìlú tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Nítorí náà agbọ̀n kan lẹ́nu ọ̀nà olówó kan kò lè gba ẹ̀bùn fún ìlú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

AGBỌ̀N TÓ GBẸ

Nísinsìnyí, fọ́tò méjì kan wà tí n kò fi hàn yín ní ìpàdé.

Ní oṣù kẹfà, a lọ sí abúlé kan ní Kent. Pọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Agbọ̀n mẹ́fà ló kọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n kún, wọ́n ń fà wálẹ̀ bí irun adélébọ̀. Mo yà á dáadáa, pẹ̀lú pákó orúkọ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ, kí n tó padà wálé, mo ní kí a tún lọ, kí n lè ya ti ìgbẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé ilé wà fún títà. Agbọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lórí ṣéènì wọn, wọ́n ti gbẹ, wọ́n pọ́n bí koríko ọyẹ́. Mo dúró síbi tí mo dúró sí ní oṣù kẹfà, mo yà á.

Obìnrin kan tó ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé yóò kógbá sílé. Ó ní gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn òdòdó náà. Mo bi í pé ìgbà wo ni òun wọlé ra nǹkan kẹ́yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bí ọdún kan.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju omi ọjọ́ kìíní lọ. Ní ọdún 2000, pọ́ọ̀bù tó wà ní Ìlú Ọba lé ní 60,000. Lónìí wọn kò tó 50,000. Owó orí, owó iná, owó ilé, ọtí tó pọ́ọ́kú ní ilé ìtajà ńlá, gbogbo rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Òdòdó lè dá ẹsẹ̀ èrò dúró, ṣùgbọ́n kò lè fà á wọlé lọ́wọ́.

ÀWỌN TÓ RA PỌ́Ọ̀BÙ WỌN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa alájẹṣẹ́kù nìyí. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn Rochdale, bí àwọn 28 ṣe dá owó jọ, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Toad Lane ní oṣù Kejìlá ọdún 1844. Irú ọgbọ́n kan náà ni àwọn ará abúlé kan lò fún pọ́ọ̀bù. Ní Hesket Newmarket, ní Cumbria, àwọn ará ibẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra Old Crown ní ọdún 2003, ó sì di pọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìlú Ọba. Lónìí, pọ́ọ̀bù tó jẹ́ ti àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ti ju 100 lọ.

Ọ̀kan wà nítòsí ilé àbúrò mi gan-an, Ivy House, ní Nunhead, kò jìnnà sí Peckham. Wọ́n tì í ní ọdún 2012, wọ́n fẹ́ tà á. Òfin kan ti jáde ní ọdún 2011 tó fún àwọn ará àdúgbò láyè láti kọ orúkọ ilé tó wúlò fún gbogbo wọn sílẹ̀, kí ẹni tó ni ín má lè tà á lójijì, kí wọ́n lè rí oṣù mẹ́fà fi wá owó. Ivy House ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Àwọn 371 ra ìpín, wọ́n yá owó kún un, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 2013. Ènìyàn kan, ìbò kan, bí tiwa níbí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, mo ya ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo kó wálé.

ÈSÌ MI FÚN ÌYÁ ALÁṢỌ

Ìyá wa, ẹ ní èló ni òdòdó náà ń pa wọlé. Èsì mi rèé. Òdòdó fúnra rẹ̀ kì í pa kọ́bọ̀, owó ló ń ná. Ṣùgbọ́n ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó rí agbọ̀n tútù lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ láìbéèrè pé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó ń jí ní kùtù, tí kò jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá. Ohun tí oníbàárà ń rà nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa náà, bí agbọ̀n ni ó rí. Ìdókòòwò oṣooṣù ni omi rẹ̀. Òjò owó ńlá tó ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kì í wọ inú rẹ̀, orí ewé ló ń gbà ṣàn lọ. Bí gbogbo wa bá sì ń yin ilé ìtajà ẹgbẹ́ wa lẹ́nu, tí a ń lọ ra ìrẹsì níbòmíràn, ẹ rántí ìyá alájá ní Kent.

Mo bẹ̀ yín, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù sọdá títì, kí ó kọjú sí ìsọ̀ ara rẹ̀ ní àárọ̀, kí ó yà á lẹ́ẹ̀kan bí oníbàárà ti ń rí i: pẹ̀lú pákó orúkọ, pẹ̀lú gọ́tà, pẹ̀lú páálí tó wà nílẹ̀. Kí ó gbé fọ́tò náà wá. Èmi yóò ya ti ilé ìtajà ẹgbẹ́, n kò sì ní gbá iwájú rẹ̀ kí n tó yà á. A ó tò wọ́n sórí tábìlì, a ó wò ó pọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó sọ̀rọ̀ nípa owó.

Ire o.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Akọ̀wé